Àyà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìdáwà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa sọ pé mo ti gbàgbé ilé. Mi ò gbàgbé. Àyà ló ń dùn mí, mi ò sì fẹ́ kọ̀wé sí yín nígbà tí ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Níbi iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì wa wà, kò sí fèrèsé. Aṣọ ibùsùn tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde máa ń wúwo bí òkú ẹran, wọ́n á sì ti lọ́ mọ́ra wọn, àfi kí èèyàn fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀rọ kó tó lè fà wọ́n yọ. Mi ò ní sọ ohun tí à ń rí lára aṣọ náà kó tó wọ inú omi. Àwọn tó ń sùn lókè ń wọ súùtù, àmọ́ aṣọ ibùsùn wọn mọ̀ wọ́n ju ìyá wọn lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí mo ṣe ń fa aṣọ, nǹkan gún mi ní apá òsì àyà. Mo rò pé ọkàn mi ni. Mo lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò, mo jókòó títí ìdí mi fi kú. Dókítà tó pè mí wọlé, obìnrin ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Ṣé ó máa ń wá tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn? Ṣé ó máa ń lọ tí mo bá dúró? Ṣé ó ń gba apá lọ, àbí àgbọ̀n? Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí mi ti kú lójijì rí? Ó wá ní, "Ìwọ fúnra rẹ, kí lo rò pé ó jẹ́?" Mo wò ó. Ṣé èmi ni dókítà ni? Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan tẹ àyà mi, mo sì kígbe. Ó ní ibi tí egungun ìhà ti so mọ́ egungun àyà ló ń dùn mí, pé kì í ṣe ọkàn. Ó fún mi ní oògùn ìrora, ó ní kí n yé fa ohun wúwo. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí abẹ́rẹ́.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe olórí ilé ìwòsàn títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Ṣé ìtọ́jú nìyẹn? Ìka! Ó ń ṣe mí bíi kí n tutọ́. Ẹ sọ fún mi bóyá ó rẹ́ mi jẹ.

Ẹ sì dáhùn ohun tí mo bi yín nínú ìwé tó kọjá: ara yín ń kọ́? Ẹ kàn kọ "mo wà" sí mi. "Mo wà" kì í ṣe èsì. Ǹ bá pè yín, àmọ́ ẹ̀yin àti etí kan ṣoṣo tó kù fún yín ti pinnu pé ariwo lásán ni fóònù.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ẹ̀gbin àwọn tó ń wọ súùtù. Mo ka ìwé rẹ lórí oúnjẹ, mo sì gbé oúnjẹ náà tì.

Obìnrin yẹn kò rẹ́ ọ jẹ. Ọmọdé ni ọ́, o kì í mu sìgá, ojú kan ló ń dùn ọ́, ìgbà tí o bá ń fa nǹkan ló sì ń dé. Ìka tó mọ ohun tó ń wá kò nílò ẹ̀rọ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ìbéèrè ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ìka tó tẹ̀ lé e. Tèmi kì í rí bẹ́ẹ̀. O mọ orúkọ tí wọ́n sọ mí, Bàbá Tẹ̀-ẹ́-wò. O rò pé orúkọ ìyìn ni nígbà tí o wà lọ́mọdé, mo sì jẹ́ kí o máa rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní àyà ń dun òun, màá tẹ̀ ẹ́. "Ṣé ó dùn ọ́?" "Ó dùn mí, sà." "Ẹran ara ni. Dìde, ẹlòmíràn ń dúró." Gbogbo bẹ́ńṣì á rẹ́rìn-ín. Tí ẹnì kan bá fẹ́ sọ ohun tí òun rò, màá bi í pé, "Ṣé ìwọ lo lọ ilé ẹ̀kọ́ ni, àbí èmi?" Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn, ọmọ mi. Ohun tó ń kó mi nírìíra jù lónìí nìyẹn, pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Má rò pé ilé ìwòsàn wa ti dára sí i. Mo lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú agbada tí a fi ń fọwọ́ ni wọ́n kó abọ́ tí wọ́n jẹun tán sí. Òwú tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára rẹ̀ wà ní igun yàrá, eṣinṣin bò ó. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ẹni tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́, fi pẹ́ẹ̀nì họ orí, ó fi pẹ́ẹ̀nì kan náà sẹ́nu, ó sì fi í tọ́ka sí ọgbẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ arúgbó kan. Mo gba oògùn mi, mo jáde bí ẹni tó jẹ ohun tó ti kan.

Ara mi le. Àràárọ̀ ni mo ṣì ń gun òkè lọ ra ìwé ìròyìn. Ọ̀nà ti bàjẹ́, nítorí náà mo máa ń dúró lọ́dọ̀ Káfíńtà, ọmọ kíláàsì rẹ, láti wo ilẹ̀kùn tó ń kàn. Ó mọ pákó í fá. Tí mo bá kúrò níbẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀. Àyà ń dùn mí díẹ̀ nígbà mìíràn, àmọ́ mo ti tẹ̀ ẹ́ wò. Ìka mi bá ojú ibẹ̀ gan-an. Mò ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ó sì ń dùn sí i lójoojúmọ́. Ẹran ara ni, bíi tìrẹ. Ṣé o rí bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá?

Fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi ń tutù.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀ tàbí ẹ kú alẹ́, èyíkéyìí tí ìwé yìí bá bá yín. Mi ò ní kí yín pẹ́, inú ń bí mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé yín, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún un kà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Láti ìgbà wo lẹ ti ń dúró lọ́nà, Bàbá? Ẹ̀yin tí a máa ń sáré tẹ̀ lé nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ẹ kì í kí èèyàn kọjá "ẹ ǹ lẹ́ o"? Ìyá wa, kó tó di olóògbé, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí ẹ bá kú, òkú yín á ṣáájú àwọn tó gbé e dé sàréè. Ẹ̀yin náà lẹ wá ń dúró wo ilẹ̀kùn. Ẹ tún ń dúró lọ́dọ̀ télọ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe?

Ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín ní ohun tí dókítà yẹn bi mí. Ṣé ó máa ń wá tí ẹ bá ń gun òkè? Ṣé ó máa ń lọ tí ẹ bá ti wo ilẹ̀kùn díẹ̀? Ṣé ó ń gún yín, àbí ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé yín láyà?

Ní ti ìka yín, mo dán nǹkan kan wò. Mo mú ibì kan lórí itan mi tí ohunkóhun kò ṣe. Mò ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, bí ẹ ṣe ń ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé bi mí pé ta ló nà mí. Ṣé itan mi náà ti ní àrùn nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ dá ọgbẹ́ sí ara yín, ẹ̀yin náà lẹ tún fi ọgbẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Tèmi ti san. Wọ́n gbé mi lọ sí ibi tí a ti ń ká aṣọ gbígbẹ. Tiyín kò san, ó ń pọ̀ sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe pé kí ẹ gba oògùn kí ẹ sá jáde o. Ẹ jókòó kí wọ́n yẹ̀ yín wò.

Ìbọ̀sẹ̀ ń bọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Ìbọ̀sẹ̀ dé. Mo dúpẹ́. Ó tóbi.

Mi ò mọ̀ pé yàrá ìfọṣọ ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn báyìí. Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń gbọ́ bí àyà èèyàn ṣe ń lù. Mo ka ìwé rẹ, mo sì jù ú sílẹ̀ bí ohun tó ń rùn.

O ní kí n lọ jókòó. Bẹ́ńṣì yẹn náà ni, wọ́n kàn kùn ún ní àwọ̀ ewé ni. Mo ti rí gbogbo ohun tó ń jáde lára èèyàn lórí rẹ̀. Tí mo bá jókòó síbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á wò mí, wọ́n á sì rántí. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì yẹn á na ọwọ́ tó fi di pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ mú sí mi lára. Láti ibi tí mo jókòó sí yìí ló ti ń rí mi lára.

Ẹran ara ni. Má kọ ọ̀rọ̀ àyà sí mi mọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ìwé méjì ni mo ti kọ tí ẹ ò fèsì. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ń bínú ni, àbí ẹ ò sí mọ́. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń wo àpótí lẹ́tà, ẹ̀rù sì máa ń bà mí kí n má lọ bá ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlòmíràn níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ń bínú ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú dé orí ìwé. Ìwà tí ẹ ń hù yìí ti ń kó mi nírìíra. Ẹ fẹ́ kú nítorí kí ojú má baà tì yín lórí bẹ́ńṣì.

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ò ní fẹ́. Mo kọ̀wé sí Káfíńtà, nítorí òun nìkan ló ń rí yín lójoojúmọ́. Kíá ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Àga ni mo máa ń gbé fún wọn. Ojú wọn máa ń dà bí eérú, wọn kì í sì í wo ilẹ̀kùn kankan." Àga, Bàbá! Ẹ ò sọ ti àga fún mi.

Mo ní kó mú yín lọ sí ilé ìwòsàn, tí ẹ bá kọ̀, kó gbé yín. Kò ní já mi kulẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni láti ilé ẹ̀kọ́, kó tó di pé bàbá rẹ̀ kú lójijì tó sì lọ ń fi ayùn bàbá rẹ̀ jẹun. Ẹ má bú u.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà
Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin

Ọmọ mi,

Mo wà láàyè. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o lè fara balẹ̀ ka ìyókù.

Ilé ìwòsàn ńlá ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Òórùn ìtọ̀ àti ti oògùn ló pò pọ̀ níbí. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń tutọ́ sínú ife, á sì gbé ife náà wò dáadáa bí ẹni tó fẹ́ tà á. Mo yíjú sí ògiri. Àwọn tó kọ́kọ́ sùn síbí ti nu ọwọ́ wọn sára ògiri.

Nínú gbogbo ẹni tó wà láyé, Káfíńtà lo lọ kọ̀wé sí. Mi ò bú ọ. O ò mọ̀ ni.

Bàbá rẹ̀ tó kú lójijì yẹn, alápákó, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tó kú. Ó di ìkúùkù, ó gbé e lé àárín àyà. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, nǹkan ń tẹ̀ mí. Mo rò pé ọkàn ni." Mo bi í pé ṣé òun ló lọ ilé ẹ̀kọ́ ni, àbí èmi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dùn ún. Ẹni tó ń fa ayùn láti àárọ̀ dé alẹ́, ibo ni èèyàn ó tẹ̀ lára rẹ̀ tí kò ní dùn ún? Mo ní ẹran ara ni. Bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín nítorí ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn tó ń kọjá sì rò pé ó ń sinmi. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni ọmọ rẹ̀ ń lò. Nínú gbogbo ọ̀nà òkè yẹn, iwájú ibẹ̀ ni àyà mi máa ń mú mi dúró, tí ọmọ rẹ̀ á sì gbé àga fún mi. Mo máa ń jókòó sórí àga náà bí ẹni jókòó sínú ẹrẹ̀.

Kò sí ẹni tó bi mí léèrè rí. Mo retí ìbéèrè náà títí. Wọ́n ní ọlọ́jọ́ ló dé. Wọ́n tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá síbi ìsìnkú, mo sì dáhùn pé kò tọ́pẹ́.

Káfíńtà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, eruku pákó nínú irun rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wọ bàtà yín."

"Mi ò lọ síbì kankan."

"Ọmọ yín ní tí ẹ bá kọ̀, kí n gbé yín."

"Gbé mi wò."

"Bàbá, ilẹ̀kùn tí mo gbé láàárọ̀ yìí wúwo jù yín lọ, kò sì bá mi jiyàn."

Mo wọ bàtà. Ibi tí mo ti tẹ̀ ba wọ̀ ọ́ ni àyà náà ti mú mi. Mi ò tíì dìde rárá, àpò sìmẹ́ńtì tìrẹ yẹn ti dé. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí kí irú ìrora bẹ́ẹ̀ máa wá lórí iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Ilé ẹ̀kọ́ kọ́ mi. Mi ò sọ fún un.

Ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Nígbà tí a dé, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ìyá kan tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ wò mí, ó wá rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì jáde.

"Hà, ọ̀gá mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló ṣe yín?"

"Àyà ni."

Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó gbé ìka lé mi láyà, ìka tí mo kọ́ ọ pé kó máa lò, ní ibi tí mo kọ́ ọ pé kó máa gbé e sí. Mo ti fi oṣù mélòó kan gún ojú ibẹ̀ bí ẹni ń gún ata. Mo kígbe.

"Ṣé ó dùn yín, sà? Ẹran ara ni." Ó yíjú sí bẹ́ńṣì. "Ẹ wo ọ̀gá àgbà o! Ẹran ara ò mọ ẹni tó kàwé!"

Bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi, ohùn mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bó ṣe dákẹ́ díẹ̀ kó tó dá àpárá náà, kí wọ́n lè múra sílẹ̀ de ẹ̀rín, tèmi ni. Ó kọ́ ọ dáadáa. Mo gbẹ́ èèyàn bí ara mi, mo sì fi í síbẹ̀ láti máa bá iṣẹ́ náà lọ.

Inú Káfíńtà dùn. Ó gbà á gbọ́. Ó di ọwọ́ mi mú kí n lè dìde. "Ẹ ò rí i, Bàbá? Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó wù mí láti bá a lọ. Tí mo bá dákẹ́, màá kú, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ nǹkan kan. Tí mo bá sọ̀rọ̀, bóyá màá yè, òun ló sì máa kọ́kọ́ gbọ́. Mo dìde dé ìdajì. Mo tún jókòó.

"Kì í ṣe ẹran ara," mo wí.

"Ṣùgbọ́n ó dùn yín, sà."

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ títí tó fi ń dùn. Bi mí bóyá ó máa ń wá tí mo bá ń gun òkè."

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé…"

"Mo mọ ohun tí mo kọ́ yín. Mo fi pa èèyàn. Mo fi pa bàbá ẹni tó dì mí lọ́wọ́ mú yìí. Bi mí, ọmọbìnrin yìí, kí n tó kú sí ọ lọ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ńṣì. Ọwọ́ Káfíńtà kúrò lọ́wọ́ mi. Kò já a gbà, ó kàn kúrò ni.

Ọmọbìnrin náà bi mí. Ó bi mí nípa òkè, nípa ìsinmi, nípa apá àti àgbọ̀n àti òógùn. Nígbà tí ìbéèrè tán lẹ́nu rẹ̀, tó ṣì ń wojú mi, ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, sà? Kí lẹ rò pé ó jẹ́?" Mo ní, "Ọkàn mi ni." Wọ́n lọ gbé ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé. Ife tíì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di tábìlì. Wọ́n nù ún, wọ́n so okùn rẹ̀ mọ́ mi. Nígbà tí ìwé jáde, ó wò ó, kò bá mi ṣàwàdà mọ́. Ó fún mi ní asípírìnì pé kí n rún un lẹ́nu, ó fi oògùn kan sábẹ́ ahọ́n mi, ó pe mọ́tò. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kò fi pẹ́ẹ̀nì sẹ́nu.

Káfíńtà bá wọn gbé mi sínú mọ́tò. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, kò wo ojú mi. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò jẹ́jẹ́, ó sì dúró síbẹ̀.

Dókítà níbí ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Wọ́n ń tọ́jú mi. Ara mi ń rùn. Wọ́n ní mi ò tíì lè wẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu. Mo dúpẹ́ pé ẹ wà. Mo sunkún nígbà tí mo kà á pé ẹ wà láàyè, mo sì tún sunkún nígbà tí mo ka ìyókù, ẹkún méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ lè máa retí kí n sọ pé ó ti kọjá. Mi ò lè sọ ọ́. Mo rántí ọjọ́ tí Káfíńtà wá kó ìwé rẹ̀ ní kíláàsì. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún yín níbi oúnjẹ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ẹ ní, "Ó ṣe o," ẹ sì ní kí n bu omi fún yín. Mo bu omi náà.

Ẹ ò sọ ọ́ nítorí tirẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ má baà kú ni. Ẹ lọ sọ ọ́ fún un ní tòótọ́, níbi tí kò ti sí bẹ́ńṣì àti ẹ̀rọ. Mo ti gbìyànjú láti kọ̀wé sí i, mi ò tíì kọjá "ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ máa lo oògùn yín. Bí inú ṣe ń bí mi tó yìí, mi ò fẹ́ kí ẹ kú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Mo ti padà sílé. O sọ òótọ́ nípa omi náà. Mo rántí rẹ̀. Mo mu ún tán.

Mo lọ sọ́dọ̀ Káfíńtà bí o ṣe ní kí n ṣe. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń fá pákó bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mo ti gbọ́, sà," ó sì yí pákó náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo dúró títí ó fi di ìyà fún àwa méjèèjì, mo wá lọ. Mo máa ń kọjá níbẹ̀ báyìí láìdúró, oògùn ń ṣiṣẹ́. Kì í gbójú sókè. Mi ò bá a wí.

Lánàá ni ìyá rẹ̀ wá, opó alápákó. Igi ló fi ń rìn. Mo gbé àga, ó jókòó. Mo gbé omi, ó ní òun kò fẹ́.

"Ọmọ mi ti sọ ọ̀rọ̀ yín fún mi," ó wí.

"Òótọ́ ni, ìyá."

"Mi ò wá bá yín jà. Kò sí agbára. Ìbéèrè ni mo mú wá."

Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ mi, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ bi mí.

"Tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lọ́jọ́ náà, ṣé ì bá yè?"

Irọ́ tó máa tu àwa méjèèjì lára wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

"Mi ò mọ̀, ìyá. A ò ní ẹ̀rọ nígbà yẹn. A ní asípírìnì, inú dúrọ́ọ̀ tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi ló wà. A ní mọ́tò. Ó ṣeé ṣe kó yè. Ó ṣeé ṣe kó kú sínú mọ́tò náà."

Ó gbé igi rẹ̀ lé itan.

"Tó bá kú sínú mọ́tò, ṣé ẹnì kan á wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì kan á jókòó tì í. A ó sì ti ránṣẹ́ pè yín."

"Ẹ ó ti ránṣẹ́ pè mí." Ó mi orí. "Mo kọjá níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ mọ̀. Ó jókòó sórí pákó, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi. Mo rò pé ó ń kí mi ni. Mo ní, 'Ọ̀lẹ, dìde kí o ṣiṣẹ́,' mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá tèmi lọ. Mi ò sọ fún ọmọ mi rí. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, èmi ni mo rò pé mo pa á."

Ó fi igi rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde, ó ní kí n má sin òun.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ohun tó ń rùn láyé, ọmọ mi. Mo ti tú aṣọ kúrò lójú egbò tó ti pé ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò tíì rí èyí tó tó ohun tí mo dákẹ́ lé lórí tí obìnrin yẹn fi tọ́ ẹ̀bi tèmi dàgbà bí ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu mi ló sì wà.

Kọ̀wé sí Káfíńtà. "Ẹ kú iṣẹ́" náà tó.

Bàbá rẹ.